Regla, ìlú Yemọja létí ọ̀sà Havana: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ bá ọlọ́rìṣà Kúbà jókòó díẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi dárúkọ Regla. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa kan tí wọ́n kó lẹ́rú ti tún òrìṣà gbé kalẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tí òrìṣà náà kò sì kúrò níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá máa ń béèrè nípa ìlú náà. Ibi tí èrò tèmi bá ti wọ̀ ọ́, mo sọ ọ́ síbẹ̀.

Níbo ni Regla wà gan-an?

Inú Havana, olú ìlú Kúbà, ló wà. Láti ọdún 1976 tí ìjọba ti pín Havana sí ìjọba ìbílẹ̀ 15 ni Regla ti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀sà ló là á sọ́tọ̀ kúrò lára Havana àtijọ́. Bí èèyàn bá dúró ní èbúté Havana tó kọjú sí ìlà oòrùn, yóò rí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ní ilé agogo létí omi lódìkejì. Ṣọ́ọ̀ṣì Wúndíá Regla, ìyẹn Màríà ìyá Jésù, nìyẹn. Ìlú náà kò fẹ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì jẹ́ bíi 43,000. Guaicanamar, Loma Modelo àti Casablanca ni orúkọ àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n pín in sí.

Ta ló tẹ ìlú náà dó?

Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Taíno ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àwọn ló sì fi orúkọ Guaicanamar sílẹ̀. Nígbà tí àwọn Sípáníṣì gba ilẹ̀, wọ́n dá oko ìrèké àti ẹbu ṣúgà síbẹ̀. Ní 1687, ọkùnrin arìnrìn-àjò mímọ́ kan tó ń jẹ́ Manuel Antonio tọrọ ilẹ̀ díẹ̀ nínú oko náà, ó sì kọ́ àtíbàbà kan tó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò fún Wúndíá Regla. Ọdún yẹn ni wọ́n kà sí ọdún ìdásílẹ̀ ìlú.

Àtíbàbà náà kò pẹ́ láyé. Ìjì líle October 1692 gbé e lọ. Juan Martín de Conyedo ló tún òmíràn kọ́, èyí tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì parí rẹ̀ ní 1694. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ère Wúndíá tuntun dé láti Sípéènì. Ní 1714, wọ́n kéde pé Wúndíá Regla ni alábòójútó ọ̀sà Havana. Láti ìgbà náà, atukọ̀ kan kì í wọ èbúté láìwo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ló dé tí Wúndíá náà fi dúdú?

Dúdú ló ti wà láti Sípéènì, kì í ṣe pé àwọn ará Kúbà kùn ún. Ìlú Chipiona, létí òkun gúúsù Sípéènì, ni wọ́n ti ń bọ ère rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìtàn tí àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ ń sọ ni pé Augustine Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù ará Àríwá Áfíríkà, ló ní ère náà, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbé e sá kọjá òkun nígbà ogun. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, mi ò ní ká gbà á bí ìwé ẹ̀rí. Ohun tó dájú ni pé ère tí wọ́n gbé wá sí Regla jẹ́ obìnrin dúdú tó wọ aṣọ búlúù, tó gbé ọmọ funfun lọ́wọ́, tó sì kọjú sí omi.

Ẹ wá fojú inú wo Yorùbá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Ó rí obìnrin dúdú aláṣọ búlúù létí omi, tí àwọn òyìnbó ń kúnlẹ̀ fún. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe Yemọja?

Báwo ni àwọn Yorùbá ṣe dé ibẹ̀?

Ìrèké ló fà á. Nígbà tí àwọn ẹrú Haiti dìde ní 1791 tí oko ìrèké ibẹ̀ dàrú, Kúbà ló gba ọjà ṣúgà ayé, àwọn olóko Kúbà sì ń wá ẹrú lójú méjèèjì. Ní àkókò kan náà, nǹkan ń bàjẹ́ nílé. Ọ̀yọ́ ń wó, ogun ń jà kárí ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n mú lójú ogun gba etíkun lọ. Sípéènì ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé láti 1820 òwò ẹrú kọjá òkun ti di èèwọ̀, ṣùgbọ́n lórí ìwé lásán ni. Wọ́n ṣì ń kó èèyàn wọ Kúbà ní bòókẹ́lẹ́ títí di ọdún 1860 ó lé. Lucumí ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa níbẹ̀. Òwò ẹrú ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́ kí oko ẹrú fúnra rẹ̀ tó dópin ní Kúbà ní 1886.

Regla jẹ́ ìlú èbúté, ìyẹn ló sì jẹ́ kó yàtọ̀. Àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńlá tí wọ́n ń kó ṣúgà sí kí ọkọ̀ tó gbé e lọ wà níbẹ̀ láti ọdún 1840 ó lé. Àwọn tó ń ru àpò ṣúgà, àwọn tó ń tu ọkọ̀, àwọn tó ń pẹja, àwọn tó ti ra ara wọn padà, gbogbo wọn ló ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lè ní yàrá, ó lè ní àwùjọ, ó sì lè ní ojúbọ. Ẹni tó wà nínú oko kò rí irú ààyè bẹ́ẹ̀.

Ta ni Adéṣínà tí gbogbo babaláwo Kúbà máa ń júbà?

Remigio Herrera ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi. Adéṣínà ni orúkọ tó gbé kúrò nílé, Adechina ni wọ́n sì ń kọ ọ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti bí i, wọ́n kó o dé Kúbà ní bíi ọdún 1830, ó sì ṣiṣẹ́ ẹrú nínú oko ìrèké ní Matanzas. Odù tó tẹ̀ ni Ọ̀bàrà Méjì.

Àwọn babaláwo Kúbà ń sọ pé nígbà tí wọ́n fẹ́ kó o wọ ọkọ̀, ó gbé ikin rẹ̀ mì, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní kíkún tàbí àpọ́nlé wọ̀ ọ́, ohun tí ìtàn náà ń sọ fún àwọn tó ń pìtàn rẹ̀ ni pé Ifá kò já lọ́wọ́ ẹni tó mú un dání.

Lẹ́yìn tó gba òmìnira, ó kó wá sí Regla, ó ra ilé, ó sì di ẹni tí àwọn èèyàn pàtàkì ń wá rí. Ní àwọn ọdún 1860, wọ́n dá ẹgbẹ́ Yemọja sílẹ̀ níbẹ̀, tòun tàwọn Lucumí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tẹ àwọn ọmọ awo nífá, títí kan àwọn tí a bí sí Kúbà. Eulogio Rodríguez, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tata Gaitán, àti Bernardo Rojas wà lára àwọn tí wọ́n ń kà mọ́ ilé rẹ̀. Ó kú ní 1905, ó ti darúgbó gan-an. Lónìí, babaláwo tó ń júbà ní Havana, ní Miami tàbí ní Mẹ́síkò, ó ṣòro kó parí ìjúbà láì dárúkọ Adechina. Mo gbà pé ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé ìwé wa náà mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ Ajayi Crowther. Àsìkò kan náà ni àwọn méjèèjì gbé, ayé ogun kan náà ni wọ́n kó wọn lẹ́rú, ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà ló yàtọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní cabildo?

Ẹgbẹ́ ni. Àwọn Sípáníṣì gbà kí àwọn ẹrú àtàwọn tó ti gba òmìnira kóra jọ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, kí wọ́n máa dá owó jọ, kí wọ́n máa sin òkú ara wọn, kí wọ́n máa jó lọ́jọ́ ọdún. Àǹfààní tí ìjọba rò pé àwọn rí ni pé ẹ̀yà tó dá dúró kò ní bá òmíràn pa ọ̀tẹ̀ pọ̀. Abẹ́ òrùlé ẹgbẹ́ yìí ni òrìṣà ti rí ibi sápamọ́ sí. Nígbà tó di àwọn ọdún 1880, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fúngun mọ́ wọn, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan forúkọ ẹni mímọ́ Ìjọ Àgùdà sórí ara rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìwé ń jẹ́ ti Wúndíá, inú yàrá sì jẹ́ ti Yemọja.

Méjì ló lókìkí jù ní Regla. Susana Cantero ló ń darí ọ̀kan. Ìkejì ni ti ilé Adéṣínà, èyí tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Josefa Herrera, gbà lẹ́yìn ikú baba rẹ̀. Pepa ni wọ́n ń pè é, Echubí sì ni orúkọ òṣà rẹ̀. Èṣùbí ni àwa yóò pè é. Òun ló tukọ̀ ẹgbẹ́ náà títí ó fi kú ní 1947. Obìnrin ló di ìlú yẹn mú, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Báwo ni ọdún Regla ṣe ń lọ?

Ọjọ́ 7 oṣù September ni ọjọ́ Wúndíá Regla. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni èrò ti ń wọ́ dé. Ẹ ó rí aṣọ búlúù àti funfun káàkiri, àwọn ìyálórìṣà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ Yemọja lọ́rùn, àti àwọn ìyàwó òrìṣà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, funfun látorí dé ẹsẹ̀, tí wọn kì í fẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kàn wọ́n. Inú ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn kan ń gba ara Olúwa, àwọn kan kàn fẹ́ fọwọ́ kan ibi pẹpẹ kí wọ́n sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Níta, obìnrin kan lè jókòó pẹ̀lú ọmọláńgidi aláṣọ búlúù níwájú rẹ̀, kó máa wo ẹẹ́rìndínlógún fún ẹni tó bá dúró. Etí omi ni ọ̀pọ̀ máa ń parí rẹ̀ sí. Wọ́n á ju owó wẹ́wẹ́ sínú ọ̀sà, wọ́n á da oyin ìrèké sí i, wọ́n á gbé òdòdó lé omi lórí. Ẹlòmíì á bọ́ bàtà, á bu omi sórí, á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, á sì máa lọ. Ọjọ́ kejì, 8 September, jẹ́ ti Wúndíá Caridad, ẹni tí wọ́n so pọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun, nítorí náà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ń tẹ̀lé ara wọn.

Láyé Pepa àti Susana, ìwọ́de àwọn cabildo ni ìlú máa ń dúró dè. Àwọn ẹgbẹ́ náà ní ère tiwọn, ó yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á gbé e lé èjìká, bàtá á máa ró, àwọn tó gbé ère á sì máa mì ín bí ẹni tó ń jó. Wọ́n á lọ kí Wúndíá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dé etí omi, wọ́n á yí ìlú ká. Ní 1961, ìwọ́de bàtá yẹn dáwọ́ dúró, torí ìjọba tuntun kò fẹ́ ẹ̀sìn nígboro. Póòpù John Paul Kejì bẹ Kúbà wò ní January 1998, okùn sì túbọ̀ rọ̀ lẹ́yìn náà. Ìwọ́de Ìjọ Àgùdà ti padà sójú títì Regla.

Ṣé Yemọja wọn ni Yemọja wa?

Òun ni, ṣùgbọ́n ó ti gbé ilẹ̀ mìíràn pẹ́. Ní ilé, odò Ògùn ni Yemọja. Ẹni tó bá dé Ìbarà l'Abẹ́òkúta tàbí Pópó Yemọja n'Ìbàdàn kò ní gbọ́ kí wọ́n pè é ní òrìṣà òkun, nítorí Olókun ló ni òkun. Ní Kúbà, òkun ni ilé Yemọja, Olókun sì wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ojú kò dé. Ó yé mi dáadáa. Òkun ni wọ́n gbà kọjá, òkun ló yí wọn ká, wọn kò rí odò Ògùn mọ́.

Nǹkan tó kù jọ ohun tí a mọ̀. Méje ni iye rẹ̀, búlúù àti funfun ni àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ń fi àgbò àti pẹ́pẹ́yẹ bọ ọ́, wọ́n sì ń gbé bàrà olómi tí inú rẹ̀ pupa ka iwájú rẹ̀. Wọ́n ń sọ pé òun ló tọ́ Ṣàngó dàgbà. Ọ̀nà rẹ̀, ìyẹn oríṣiríṣi ìrísí tó ní, pọ̀, Ogunté tó jẹ́ jagunjagun wà níbẹ̀, Asesú náà wà.

Àwọn kan láti ilé máa ń lọ síbẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe pé èyí kò rí bẹ́ẹ̀, tọ̀hún kò tọ̀nà. Inú mi kì í dùn sí i. Àwọn tí wọ́n fi ẹgba jíjẹ àti ẹ̀wọ̀n gba òrìṣà yìí là, tí wọn kò ní ilé tí wọ́n lè padà sí láti béèrè, kò yẹ kí àwa tí a sọ ojúbọ wa di ibi ìdalẹ̀sí máa fi ẹnu bù wọ́n.

Bàtá ńkọ́?

Mẹ́ta ni wọ́n ń lù: iyá, itótele àti okónkolo. Orí itan ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á jókòó lù ú, wọn kì í gbé e kọ́rùn bíi tiwa. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lu ojú méjèèjì, kò sí bílálà. Ìlù tí wọ́n ti ṣe ètùtù fún ní Añá nínú, ìyẹn Àyàn tiwa, kò sì sí obìnrin tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Àtọwọ́dọ́wọ́ Kúbà sọ pé Lucumí méjì, Añabí àti Atandá, ló ṣe àkọ́kọ́ irú ìlù mímọ́ bẹ́ẹ̀ lágbègbè Havana láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àyánbí ni èmi ń gbọ́ nínú orúkọ ẹni àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn kan náà ni wọ́n ń dárúkọ pẹ̀lú Adéṣínà nínú ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ Yemọja ní Regla.

Wọ́n ní àwọn ará Calabar náà wà níbẹ̀. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, a ò sì gbọ́dọ̀ fi ti Yorùbá bo tiwọn mọ́lẹ̀. Ní 1836, Regla ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Abakuá àkọ́kọ́ sílẹ̀, Efí Butón ni orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ni, ó sì wá tààrà láti inú Ékpè, ẹgbẹ́ awo àwọn Ẹ́fíìkì àtàwọn aládùúgbò wọn lágbègbè Cross River. Àwọn eégún wọn, tí wọ́n ń pè ní íreme, ṣì ń dé fìlà ṣóńṣó pẹ̀lú aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí. Ará Calabar tó bá rí i yóò mọ ohun tó ń wò. Ní 1863, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn aláwọ̀ funfun sínú Abakuá, ọ̀rọ̀ yẹn sì dá ìjà ńlá sílẹ̀. Iṣẹ́ ìrùrù ní èbúté wà lábẹ́ agbára ẹgbẹ́ yìí fún ìgbà pípẹ́: ẹni tí kò bá ní ẹni nínú ẹgbẹ́, ó ṣòro kó rí iṣẹ́. Ìjọba lépa wọn títí, wọn kò parẹ́.

Ṣé ọ̀rọ̀ òrìṣà nìkan ló wà ní Regla?

Rárá o. Ìlú òṣìṣẹ́ ni. Ilé ìfọpo ńlá tí wọ́n ń pè ní Ñico López wà níbẹ̀, èéfín rẹ̀ sì hàn láti Havana. Ní 1900, láàárín Regla àti Guanabacoa ni ọkọ̀ ojú irin oníná ìgboro ti kọ́kọ́ rìn ní Kúbà. Nígbà tí Lenin, olórí ìjọba Soviet, kú ní January 1924, olórí ìlú náà, Antonio Bosch, gbin igi ólífì kan sórí òkè fún ìrántí rẹ̀. Òkè Lenin ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì fi ère orí Lenin sí i ní 1984. Ìlú kan ṣoṣo ló gba Wúndíá dúdú, Yemọja, Ékpè àti Lenin mọ́ra, n kò mọ ibòmíì tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Roberto Faz, akọrin ńlá tó kọrin pẹ̀lú Conjunto Casino kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ọmọ Regla ni. Wọ́n bí i ní 1914, ó kú ní 1966. Ẹgbẹ́ oníjó Guaracheros de Regla sì wà lára àwọn tó máa ń jáde níbi ìnáwó Carnival Havana. Ní Casablanca, ère Kristi tí Jilma Madera gbẹ́ dúró lókè tó kọjú sí èbúté. Mábù láti Ítálì ló fi gbẹ́ ẹ, gíga rẹ̀ tó mítà 20, December 1958 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ díẹ̀ kí Batista, aláṣẹ Kúbà ìgbà náà, tó sá.

Ṣé ìjì ọdún 2019 ba ìlú náà jẹ́?

Ó bà á jẹ́ púpọ̀. Alẹ́ 27 January ni ìjì tó ń yí bírí jà kọjá láwọn ìjọba ìbílẹ̀ mélòó kan ní Havana, Regla sì wà lára àwọn tó fara gbá a jù. Òrùlé ṣí, ògiri wó, àwọn èèyàn kú.

Báwo ni èèyàn ṣe ń débẹ̀?

Ọ̀nà omi ló dára jù. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní lanchita ń kó èrò láti èbúté Havana àtijọ́ lọ sí Regla, òmíràn sì ń lọ sí Casablanca. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ti tó. Ìdúró ni ọ̀pọ̀ èrò ń dúró, kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àpò ọjà lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá dé àárín ọ̀sà, ẹ ó rí ẹni tó ju owó wẹ́wẹ́ sómi, tó sì gbé ẹnu jẹ́ẹ́. Wọ́n á yẹ àpò yín wò kí ẹ tó wọlé. Ní April 2003, àwọn kan já ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yìí, Baraguá, gbà pé àwọn fẹ́ gbé e dé Florida. Epo tán, ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, ìjọba sì yìnbọn pa mẹ́ta nínú wọn.

Ṣé mo lè bá wọn sọ Yorùbá?

Sípáníṣì ni èdè ojoojúmọ́ wọn. Orin òrìṣà, ìjúbà àti àdúrà ni Lucumí kù sí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà nítorí kò sí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nínú Sípáníṣì. Ẹ kọ orin Yemọja díẹ̀ fún àgbàlagbà olórìṣà, ẹ rọra kọ ọ́, lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó kọ tirẹ̀ fún yín. Ibi tí ẹ ó ti pàdé ara yín nìyẹn, ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ.

Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ẹ má ya ìyàwó òrìṣà ní fọ́tò, kódà bó bá ń rẹ́rìn-ín sí yín. Ẹ má fọwọ́ kan ìlù tí wọ́n kó kalẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín síbi ayẹyẹ nínú ilé, ẹ mú nǹkan lọ́wọ́ lọ, kí ẹ sì dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ fún ojúbọ bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Inú wọn máa ń dùn láti rí i. Ẹ má wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ?

Bí ẹ bá fẹ́ rí èrò àti aṣọ búlúù, ẹ lọ ní 7 September, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, nítorí ìlà máa ń gùn lẹ́yìn náà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Adéṣínà àti àwọn cabildo ló gbé yín dé ibẹ̀, ẹ fi ọjọ́ ọdún sílẹ̀, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú tó wà lójú títì Martí, kí ẹ sì bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ léèrè ilé àwọn àgbà tó ṣì mọ ìtàn náà.